Àpótí Sinimá Nínú Igbó Aláìlójìji

Ẹni tí ó bá ń jẹ àgbàdo lọ́wọ́, kí ó gbé e sílẹ̀. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń sunkún, kí ó fi ọmú sí i lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe èyí tí mo máa ń sọ nídìí ẹmu. Bí ẹ bá dá mi dúró lágbedeméjì, n kò mọ̀ bóyá n óò lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ mọ́. Èmi ni Ọdẹ́jìnmí, ọmọ Láyíwọlá, ọdẹ Òkè-Àpárò. Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni mo pa ẹfọ̀n tí ó sọ ìyàwó àwọn ọdẹ di opó káàkiri ilẹ̀ yìí. Èmi àti àmọ̀tẹ́kùn la jọ sùn lórí igi kan náà, tí ilẹ̀ fi mọ́, tí kálukú wa sì sọ̀ kalẹ̀ ní ọ̀nà tirẹ̀ láìkí ara wa. Ẹ jẹ́ kí n fọ́nnu díẹ̀, nítorí ọdẹ tí kò lè fọ́nnu, ajá rẹ̀ pàápàá kì í bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tí ojú mi ti rí nínú igbó, ẹyọ kan ló wà tí ń mú kí n jí láàárọ̀ kí n kọ́kọ́ wo ilẹ̀ ẹsẹ̀ mi, bóyá òjìji mi ṣì wà níbẹ̀. Òun ni mo fẹ́ rò fún yín.

Ní ayé ìgbà náà, ọkọ̀ ojú irin ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti Èkó já wọ ilẹ̀ wa ni. Ọkùnrin kan bá a dé, ó sọ̀ kalẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ rìn wá sí Òkè-Àpárò, àwọn aláàárù sì ru ẹrù tẹ̀lé e. Fílípì ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ Àgùdà ni, lára àwọn tí bàbá wọn ti oko ẹrú Bùràsíìlì padà wá sí Èkó. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, irun ètè rẹ̀ rí bí ìrù ọ̀kẹ́rẹ́, ó sì máa ń dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ fún àgbà bí ẹni pé kò wọ ṣòkòtò òyìnbó. Iṣẹ́ fọ́tò ló ń ṣe tẹ́lẹ̀. Fọ́tò kì í ṣe ohun tuntun lójú wa; ọba wa ní ọ̀kan, níbi tí ó ti jókòó tí ojú rẹ̀ le bí ẹni tí inú ń run. Ṣùgbọ́n Fílípì ní èyí tí òun gbé wá yàtọ̀, pé ìlú òyìnbó ni wọ́n ti ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ọgbọ́n rẹ̀, àti pé òun wọ ọkọ̀ ojú omi lọ wá a rí. Àpótí igi kékeré ni. Ó dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta, ó ní ojú dígí kan níwájú, ó sì ní ọwọ́ irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí wọ́n ń yí.

Ilé mi ni ọba ní kí ó wọ̀ sí. Ó gbé nǹkan náà kalẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní, "Bàbá ọdẹ, fọ́tò a máa mú ènìyàn ní ìdúró. Èyí a máa mú un ní ìrìn. Bí ẹ bá rẹ́rìn-ín, yóò rẹ́rìn-ín. Bí ẹ bá ṣẹ́jú, yóò ṣẹ́jú. Sinimá ni wọ́n ń pè é."

Mo yẹjú wo ojú dígí náà. "Ta ló wà nínú rẹ̀ tí ń ṣe gbogbo èyí?"

"Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀, bàbá. Ọ̀já gígùn kan ló wà nínú rẹ̀, àwòrán wẹ́wẹ́ tẹ̀ lé ara wọn lórí rẹ̀ bí ẹsẹ̀ ọ̀kùn. Bí mo bá yí ọwọ́ yìí kíákíá, ojú yín kò ní lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ ó kàn rí i pé ènìyàn kan ló ń rìn."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ará Èkó ń fi ará oko ṣeré ni.

Ó gbé àpótí náà lọ sí ọ̀nà odò ní àárọ̀ ọjọ́ kan, nígbà tí àwọn obìnrin ń pọnmi bọ̀. Àwẹ̀ró ìyàwó mi wà láàárín wọn. Bí ó ti rí ojú dígí tí ó tẹjú mọ́ òun, ó gbàgbé pé omi wà lórí òun, ó yíjú, òṣùká yẹ̀, omi sì dà sí i lára láti orí dé ẹsẹ̀. Ó lọgun. Ó wo ara rẹ̀. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ẹ̀rín sì ń yọ láàárín ìka rẹ̀. Fílípì kò dáwọ́ dúró. Ó ń yí ọwọ́ irin náà, ó ń kọrin ṣọ́ọ̀ṣì lóhùn ìsàlẹ̀ kí ìyíyí rẹ̀ má baà yára jù tàbí kí ó falẹ̀ jù. Nígbà tí ó ṣe tán, ó ní òun ní láti padà sí Èkó lọ fi omi oògùn fọ ọ̀já náà kí àwòrán tó lè yọ lára rẹ̀, nítorí omi oògùn tí òun gbé wá ti bàjẹ́. Ó ní bí òjò bá ti lọ, òun yóò padà wá fi ara wa hàn wá.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ikú kì í kan ilẹ̀kùn. Nínú òjò ọdún náà ni ibà wọ ara Àwẹ̀ró. A se àgbo, a fi ewé wẹ̀ ẹ́, ìyá rẹ̀ gbé orí rẹ̀ lé itan kò gbé e kúrò. Ó kú. Mo ti dojú ìbọn kọ ẹran tí ń bú bí àrá, ṣùgbọ́n n kò rí ẹni tí n óò yìnbọn fún lọ́jọ́ náà. A sin ín sínú ilé, mo sì gbé àpò ọdẹ mi kọ́, n kò wọ igbó mọ́.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, Fílípì padà. Kò mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Àwa náà kò rántí ohun tí ó wà nínú àpótí rẹ̀. Ta ló ń ka ohun tí ó rò pé eré ni sí nǹkan? Ọba ní kí ó wá fi iṣẹ́ rẹ̀ han ìlú. Ọ̀sán gangan ni, ṣùgbọ́n wọ́n ti ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn ààfin, wọ́n fi ẹní dí gbogbo fèrèsé, inú ilé sì ṣú bí inú ìkòkò. Fílípì ta aṣọ funfun mọ́ ògiri, ó tan iná sẹ́yìn àpótí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí i.

Ọkọ̀ ojú irin ló kọ́kọ́ jáde. Ó yọ lọ́ọ̀ọ́kán bí kòkòrò, ó ń tóbi, ó ń tóbi, ó kọjú sí wa gan-an. Ẹ wá wo àgbà ìlú bí wọ́n ṣe ń fò lu ara wọn! Ìjòyè kan já ilẹ̀kùn jáde, fìlà rẹ̀ nìkan ló kù lórí àga. Èmi ọdẹ náà wà lábẹ́ àga, kí n má purọ́ fún yín. Nígbà tí ọkọ̀ náà kọjá tí kò pa ẹnikẹ́ni, ẹ̀rín sọ. A ń pa ara wa lẹ́rìn-ín lọ́wọ́ ni Fílípì fi ọ̀já kejì sí i, tí ọ̀nà odò yọ lára aṣọ, tí Àwẹ̀ró sì ń rìn bọ̀ láti ọ̀run.

Ẹ̀rín dákẹ́. Ó ń rìn bọ̀ bí ó ti máa ń rìn, èjìká ọ̀tún rẹ̀ rẹlẹ̀ díẹ̀. Ó yíjú sí wa. Omi dà. Ó la ẹnu, kò sí ohùn. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń rẹ́rìn-ín, kò sí ohùn. Ǹjẹ́ ẹ ti rí ẹni tí ń rẹ́rìn-ín láìsí ìró rí? Mo dìde dúró, mo pe orúkọ rẹ̀, ohùn tí ó sì jáde lẹ́nu mi dà bí ti ewúrẹ́. Ìyá rẹ̀ ń bẹ níwájú. Ó pariwo pé, "Ọmọ mi rè é! Ẹ sílẹ̀kùn fún un!" Ó sáré lọ gbá aṣọ náà mọ́ra. Bí ó ti dúró síbẹ̀ ni òjìji ara rẹ̀ bo ojú ọmọ rẹ̀ mọ́lẹ̀, tí a kò rí nǹkan mìíràn mọ́ àfi dúdú ìyá lára aṣọ.

Ìlú dàrú. Wọ́n ní Fílípì ló mú òjìji obìnrin náà lọ sí Èkó, pé ohun tí ó pa á nìyẹn. Ó ń bẹ̀bẹ̀, ó ń sọ pé, "Ẹ dákun, iná àti ọ̀já lásán ni!" Òkò ni wọ́n fi dá a lóhùn. Àwọn ọ̀dọ́ ti dí ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin, òun àti àwọn aláàárù rẹ̀ bá gba ọ̀nà tí ojú wọn rí, ọ̀nà náà sì ni èyí tí ó wọ Igbó Aláìlójìji, tí ọdẹ kankan kì í wọ̀ mọ́. Kò pẹ́ tí àwọn aláàárù sáré padà, kò sí ẹrù lórí wọn mọ́. Wọ́n ní àwọn kan tí oòrùn ń gba ara wọn kọjá ló jáde sí àwọn, tí wọ́n gbé Fílípì àti àpótí rẹ̀ lọ.

Ọba ránṣẹ́ pè mí. "Ọdẹ́jìnmí," ni ó wí, "àlejò tí a fi òkò lé, bí ó bá kú sínú igbó, ọrùn ìlú ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wà. Mo mọ̀ pé ọ̀fọ̀ ń ṣe ọ́. Ṣùgbọ́n ta ni mo tún ní?"

"Kí adé pẹ́ lórí, Kábíyèsí," ni mo wí. "Mo ń lọ."

Ẹ má rò pé nítorí Fílípì nìkan ni mo ṣe lọ. Àwẹ̀ró wà nínú àpótí yẹn. Mo ti rí i lẹ́ẹ̀kan, mo fẹ́ rí i sí i, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń bà mí. Mo gbé ìbọn ṣakabùlà mi, mo di àpò mọ́dìí, mo sì dé etí igbó náà bí oòrùn ti ń yọ.

Ẹ̀dá kan jókòó lórí òkìtì ọ̀gán níbẹ̀. Ọrùn rẹ̀ ti tẹ̀ síwájú, ojú rẹ̀ kò kúrò ní ilẹ̀, bí ẹni tí owó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Abẹ́ òkìtì náà ní òjìji, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kò ní. Ó mú ìkarahun kan lọ́wọ́ tí ó pọ́n títí ó fi mú bí abẹ. Kò gbójú sókè, ó ní, "Ìwọ tí o ń bọ̀, kí ni ń bá ọ rìn tí kì í rẹ̀ ẹ́?"

"Òjìji mi ni."

"Kí ló ń ṣubú sínú omi tí ara rẹ̀ kì í tutù?"

"Òjìji mi náà ni."

"Kí ni ẹlẹ́rù ń gbé wọ ibí tí kì í gbé jáde?"

Ìbéèrè náà kò dùn létí mi. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó rọra sọ̀ kalẹ̀ lórí òkìtì. "Òun náà ni. Èmi Abẹ́rẹ̀wolẹ̀ ni mo ń gbowó ibodè. Dúró síbẹ̀, kí n gé e."

Oòrùn wà lẹ́yìn mi, òjìji mi sì nà gbọọrọ síwájú. Ó ti kúnlẹ̀ tì í, abẹ rẹ̀ ti kan ọrùn òjìji náà, òtútù rẹ̀ sì wọ ọ̀fun èmi gan-an. Ọgbọ́n ló bá mi sọ̀rọ̀. Mo ní, "Alàgbà, ta ní ń gé aṣọ kí ó tó wọ̀n ọ́n? Bí o bá gé e tí kò pé, kí lo fẹ́ sọ fún ọ̀gá rẹ?"

Ó rò ó. Ó fi ìka wọ̀n ọ́n láti orí dé ẹsẹ̀. Ó padà sí orí láti gé e, ó bá a pé orí ti sún mọ́ ọn. "O ń fà á!" ni ó pariwo. Mo ní, "Ẹsẹ̀ mi kò kúrò lójú kan. Ìwọ ni o kò mọ òǹkà." Inú bí i, ó tún un wọ̀n. Báyìí ni a wà, ó ń wọ̀n, ó ń bú mi, mo ń bú u, òógùn ń dà lára mi bí omi, n kò sì gbọdọ̀ mira, títí oòrùn fi gun àtàrí, tí òjìji mi fi wọ abẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ mi pátápátá. Ó wo ilẹ̀, ó wò, kò rí nǹkan kan. "Gbé ẹsẹ̀ rẹ!" ni ó wí. Mo gbé ẹsẹ̀ lóòótọ́: mo fi fò ó kọjá, mo sì sá wọ inú igbó. Ìkarahun tí ó sọ tẹ̀ lé mi gé etí ẹ̀wù ọdẹ mi já, ó gún igi ìrókò, ó sì wọ inú rẹ̀ dé ìdajì.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fojú inú wo igbó kan tí igi rẹ̀ kún bámúbámú, tí ewé bo ojú ọ̀run, síbẹ̀ tí ilẹ̀ abẹ́ wọn mọ́lẹ̀ bí ìta ọjà. Oòrùn ń gba inú ewé kọjá bí ẹni pé ewé kò sí. Kò sí ibòji tí ó tó èyí tí èèrà lè dúró sí. Ọdẹ ni mí. Òkùnkùn abẹ́ igi ni aṣọ mi. Níbẹ̀, ìhòòhò ni mo wà. Àgbọ̀nrín kan dúró níwájú mi, ó wò mí, n kò lè gbé ìbọn sókè, nítorí mo ń rí ẹ̀ka tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ láti inú ikùn rẹ̀. Mo tún rí ènìyàn kan tí ó fara ti igi. Fìlà ọdẹ wà lórí rẹ̀. Mo kí i, kò dáhùn. Mo fọwọ́ kàn án, ó fúyẹ́ bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ, atẹ́gùn sì gbé e yí padà, ojú rẹ̀ dojú kọ mí, ó ń ṣẹ́jú. Ó ṣì wà láàyè! Wọ́n ti bó òjìji rẹ̀ ni. Ẹ wò ó, mo ti fẹ́ sá padà. Ohun tí kò jẹ́ kí n padà ni pé Abẹ́rẹ̀wolẹ̀ wà lẹ́yìn, òjìji mi sì tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í gùn.

Wọn kò jẹ́ kí n wá wọn kiri. Ibi tí òjìji kan ṣoṣo bá wà nínú igbó bẹ́ẹ̀, ó dà bí iná ní òru. Wọ́n yọ sí mi láti ọ̀tún àti òsì, wọn kò sọ̀rọ̀, wọ́n kàn ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ òjìji mi, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tọ́ ọ wò bí ẹni ń tọ́ omi gbígbóná wò. Báyìí ni wọ́n mú mi dé iwájú olórí wọn, níbi tí àpáta ńlá kan la ẹnu. Kòníbòji ni orúkọ rẹ̀. Ó ga, ara rẹ̀ mọ́ gaara bí omi orísun, ojú rẹ̀ kò sì ní ìpéǹpéjú. Fílípì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí mo rí i, ọkàn mi rẹ̀wẹ̀sì: apá òsì rẹ̀ rọ̀ bí aṣọ tútù, nígbà tí mo sì wo ilẹ̀, òjìji rẹ̀ kò ní apá òsì mọ́. Wọ́n ti ń bó o díẹ̀díẹ̀.

"Bàbá ọdẹ," ni ó wí, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀, "kí lẹ wá ṣe níbí?"

"Ọba ní kí n mú ọ bọ̀."

Kòníbòji sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ rọ̀, ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù. "Kí ni ìwọ pàápàá mú wá fún mi?"

"Ìkíni ni mo mú wá."

"Ìkíni kì í bo ara." Ó nawọ́ sí inú ihò àpáta náà. Inú rẹ̀ ṣú. Mo wò ó, mo sì rí i pé kì í ṣe òkùnkùn lásán ló wà níbẹ̀. Òjìji ènìyàn ni wọ́n so rọ̀ láti òkè dé ilẹ̀ bí aṣọ tí a sá, àgbà, ọmọdé, aboyún, gbogbo wọn gbẹ, gbogbo wọn le. "Láti ìgbà tí a ti wà," ni ó wí, "a ń bó wọn, a ń gbé wọn wọ̀, wọn kì í dúró lára wa. Bí a bá ti bó wọn, wọn kì í mira mọ́. Ṣùgbọ́n àlejò yìí sọ fún wa pé òjìji tinú àpótí òun ń rìn, ó ń ṣẹ́jú, ó ń rẹ́rìn-ín. Irú rẹ̀ ni a ń wá. Àwa sì tú ọ̀kan, a jẹ ẹ́, kò ṣe nǹkan kan fún wa."

Fílípì sọ fún mi wúyẹ́wúyẹ́ pé ọ̀já ọkọ̀ ojú irin ni wọ́n jẹ. "Ọ̀kan ṣoṣo ló kù, bàbá. Ẹ mọ èyí tí í ṣe."

Mo mọ̀ ọ́n.

Mo ní, "Olórí, òjìji tí ń rìn kì í jáde ní gbangba. Inú òkùnkùn ni ó ń jẹ̀. Jẹ́ kí á gbé àpótí náà wọ ihò àpáta yìí, kí á fi í hàn ọ́. Bí ó bá jáde, òmìnira ni fún àwa méjèèjì."

"Bí kò bá jáde ńkọ́?"

"Ìwọ ni o ní abẹ."

Ó gbà. Bí a ti ń to nǹkan, Fílípì fi ẹnu sí mi létí. Ó ní kò sí iná, ṣùgbọ́n ihò kan wà lókè àpáta tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń gbà wọlé. Òun yóò fi dígí ìfárùngbọ̀n òun darí oòrùn náà sí ẹ̀yìn àpótí. Apá kan ṣoṣo ló kù fún un, nítorí náà èmi ni n óò yí ọwọ́ irin. "Ẹ gbọ́ èyí dáadáa," ni ó wí. "Ọ̀já yìí ń jó ju ẹ̀tù lọ, omi kò lè pa á. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá ń yí i, kò séwu. Bí ẹ bá dáwọ́ dúró tí oòrùn sì dúró lójú kan, yóò gbiná. Nígbà tí gbogbo wọn bá ti wọlé, ẹ dáwọ́ dúró."

"Kò sí ọ̀nà mìíràn?"

Ó wo apá rẹ̀.

Kòníbòji ti rí ojú mi. Ó sún mọ́ mi, ó bi mí pé, "Ta ló wà nínú àpótí náà?"

"Ìyàwó mi."

"Níbo ló wà?"

"Ó ti kú."

"Ó kú, ó sì ń rìn?" Ó wá ní, "Ọdẹ, jẹ́ kí á jọ dá a báyìí. Fi ọmọkùnrin yìí sílẹ̀ fún mi. Ìwọ dúró tì wá níbí. Bí oòrùn bá ti ń wọlé lójoojúmọ́, ìwọ yóò máa yí i, ìwọ yóò máa rí i. N kò ní fọwọ́ kan òjìji rẹ láéláé."

Ẹ̀yin tí ẹ ní aya nílé, ẹ má dá mi lẹ́jọ́. N kò kọ̀ fún un. Fílípì ń wo ẹnu mi. Mo ní kí á kọ́kọ́ rí i ná, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí ọwọ́ irin náà.

Ìmọ́lẹ̀ bọ́ sára ògiri àpáta. Ọ̀nà odò yọ. Àwẹ̀ró ń rìn bọ̀, èjìká ọ̀tún rẹ̀ rẹlẹ̀ díẹ̀. Gbogbo àwọn ẹ̀dá náà mí lẹ́ẹ̀kan náà bí ìjì. Wọ́n rọ́ wọlé, wọ́n na ọwọ́, àwòrán náà sì ń gba ara wọn kọjá lọ bá ògiri, ojú Àwẹ̀ró wà ní àyà wọn, omi rẹ̀ ń dà ní ẹ̀yìn wọn, wọn kò rí ohunkóhun dì mú. Àwọn kan ń sunkún. Ọ̀já náà dé ìparí. "Ó tún kù!" ni Kòníbòji ké. "Mú un padà!" Mo bá yí i sẹ́yìn. Ẹ̀yin ènìyàn mi, omi dìde nílẹ̀! Ó gun ara rẹ̀ lọ sókè, ó wọ inú ìkòkò, aṣọ rẹ̀ gbẹ, ẹ̀rín padà wọ ẹnu rẹ̀, ó sì fi ẹ̀yìn rìn lọ sí odò bí ẹni pé kò sí ohun búburú kankan tí yóò ṣẹlẹ̀. Àwọn tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo ìbẹ̀rù. Èmi ń yí i síwájú, mo ń yí i sẹ́yìn. Ó ń lọ, ó ń bọ̀. Mo gbàgbé ìlú, mo gbàgbé ọba. Mo rò nínú ọkàn mi pé níwọ̀n ìgbà tí ọwọ́ mi bá wà lára irin yìí, ibà kò ní dé ilé mi.

"Bàbá ọdẹ!" Ohùn Fílípì ni. "Oòrùn ń lọ. Bàbá, ẹ gbà mí!"

Mo bojú wẹ̀yìn. Wọ́n ti kúnlẹ̀ tì í, wọ́n ń bó ẹsẹ̀ òjìji rẹ̀, ó sì ti ń fì bí ọ̀mùtí, síbẹ̀ kò jẹ́ kí dígí bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Òtútù kan náà gba àtẹ́lẹsẹ̀ tèmi. Kòníbòji ti fi abẹ kan òjìji mi.

Mo yí ọwọ́ irin náà títí dé ibi tí Àwẹ̀ró ti yíjú sí mi tí ó sì bú sẹ́rìn-ín. Mo dáwọ́ dúró.

Ó dúró. Ó ń wò mí. Àmì pupa kékeré kan yọ lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó fẹ̀, ó di dúdú, ó jẹ ẹnu rẹ̀, ó jẹ ojú rẹ̀. Iná bú gbàmù nínú àpótí. Ó funfun, ó ń hó bí ejò, èéfín rẹ̀ ń ta ní ọ̀fun, kò sì sí ohun tí ó lè pa á. Ó gba inú òjìji tí wọ́n so rọ̀. Mo rò pé wọn yóò jóná. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìgbóná náà ló jí wọn. Wọ́n já ara wọn gbà, wọ́n fò jáde nínú ihò náà bí àdán, àwọn aláìlójìji sì fi wá sílẹ̀, wọ́n ń sáré tẹ̀ lé wọn, wọ́n ń fò sókè, wọ́n ń ké bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ lọ. Mo gbé Fílípì kọ́ èjìká. Mo sá. Mo gba ẹ̀gbẹ́ igi tí ọdẹ yẹn fara tì, ọdẹ náà kò sí níbẹ̀ mọ́. Kòníbòji fúnra rẹ̀ lé wa. Mo ń gbọ́ abẹ rẹ̀ tí ń ha ilẹ̀ lẹ́yìn gìgísẹ̀ mi, n kò bojú wẹ̀yìn, mo sáré kọjá òkìtì ọ̀gán tí Abẹ́rẹ̀wolẹ̀ ti kúrò lórí rẹ̀, títí mo fi rí igi àràbà kan ní òde igbó náà tí abẹ́ rẹ̀ ṣú. Mo já sínú ibòji náà, mo dojú bolẹ̀, mo fi ẹnu kan ilẹ̀ tútù. Òun kò lè kọjá ibodè igbó rẹ̀ wọ ibẹ̀. Ó dúró sí etí rẹ̀, ó ń wò wá, títí oòrùn fi wọ̀ tí n kò fi rí i mọ́.

Fílípì yè. Apá òsì rẹ̀ kò gbé nǹkan mọ́ títí ó fi kú, apá náà kò sì ní òjìji. Síbẹ̀ ó tún wá àpótí mìíràn, ó fi ọwọ́ ọ̀tún yí i, àwọn ará Èkó sì ń rọ́ lọ wò ó. Ọba bẹ̀ ẹ́, ìlú bẹ̀ ẹ́, ó dọ̀bálẹ̀ fún wọn, ó lọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀dọ̀ ọba ni ẹ̀rù ìpadàbọ̀ mi wà. Ọ̀dọ̀ ìyá Àwẹ̀ró ni.

Mo bá a ní ẹ̀yìnkùlé. Mo dọ̀bálẹ̀, n kò dìde.

"Ọdẹ́jìnmí, ọkọ ọmọ mi," ni ó wí, "wọ́n ní o bá a níbẹ̀."

"Mo bá a, Ìyá."

"Ó wá dà?"

"Mo fi í jóná, Ìyá, kí ọmọ ọlọ́mọ lè bọ́."

Mo ń retí kí ó ṣépè fún mi. Ó ní, "Láti ọjọ́ tí mo ti rí i lára aṣọ yẹn, ẹ̀rín aláìlóhùn yẹn nìkan ni mò ń rí. Mo wá ohùn ọmọ mi káàkiri ilé, n kò rí i. Mo jókòó, mo ní kí n rántí bí ó ṣe ń pè mí, ẹ̀rín yẹn ni yóò wá dí mi lójú. Àárọ̀ yìí, bí mo ti ń sẹ́ ògì, mo gbọ́ ọ. Ó ń pe adìẹ."

"Báwo ló ṣe ń pè wọ́n, Ìyá?" ni mo bi í, nítorí èmi náà ti gbàgbé.

Obìnrin arúgbó náà dìde. Ó fi ohùn Àwẹ̀ró pe adìẹ, ohùn náà gan-an, tí ó máa ń ga ní ìparí. Àwọn adìẹ sáré jáde láti abẹ́ àká, wọ́n ń wá a kiri.

Ẹ jẹ́ kí n dákẹ́ síbẹ̀.